Ṣé A Lè Pàgọ́ Sùn Nínú Igbó Ọ̀ṣun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ọdẹ. Àwọn ọmọ mi àti tàbúrò mi fẹ́ sùn nínú igbó lásìkò ọlidé. Wọ́n ti ra àgọ́. Igbó Ọ̀ṣun ló sún mọ́ wa jù, bàbá wọn sì ní kò burú. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì, Òkè-Fíà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí bàbá wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo ní rárá. Ojúbọ ni igbó yẹn. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. A kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi. Igi wo lẹ fẹ́ fi dáná alẹ́? Ẹ mú wọn lọ láàárọ̀, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ Àdùnní Olóríṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó mọ ère síbẹ̀, kí ẹ padà sílé kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ tọ́jú búrẹ́dì yín dáadáa o, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò bẹ̀rù èèyàn.

Tó bá jẹ́ oorun inú igbó gan-an ni wọ́n ń wá, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé, nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ dúró dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá ti gbẹ tí ẹranko ń wá sétí odò. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ẹ má rìn láìsí gáàdì.

Ẹfọ̀n kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù fún àwọn ọmọ o, ìjàlọ ni. Kí ẹ tó na àgọ́, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ yíká. Tí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń sáré, tí àwọn olórí ńlá inú wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n yanu sílẹ̀, ẹ kó ẹrù yín kúrò. Wọn ò ní yà fún yín. Mo ti rí àgbàlagbà tó bọ́ ṣòkòtò níwájú àna rẹ̀ nítorí wọn.

Ẹ má pàgọ́ sétí odò. Ọ̀ṣun tiwa yìí, láti Ìgèdè Èkìtì ló ti ń ṣàn bọ̀. Òjò lè rọ̀ lọ́hùn-ún lóru, kí ẹ̀kán má kán síbí, kí odò sì kún. Etí odò náà ni amùkúrù, eṣinṣin dúdú kékeré yẹn, ti ń jẹni lọ́sàn-án, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Ti alẹ́, ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì.

Àgọ́ tí wọ́n rà yẹn, ẹ kọ́kọ́ nà án sẹ́yìnkùlé, kí ẹ da omi garawa kan lé e lórí. Ojú rírán ló sábà máa ń jò. Tó bá jò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi àbẹ́là pa ibẹ̀.