Ọkọ mi ń fọwọ́ ara wọn ṣe fáyáwọ́ọ̀kì, mo sì wà lẹ́yìn wọn: ṣé mo ṣàṣìṣe ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, aṣọ ni mò ń tà ní Sábó. Dádì àwọn ọmọ mi wà ní Amẹ́ríkà, ní Indiana, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọdún 6 rèé. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú wọn lọ sáàárín àwọn kan tó máa ń fọwọ́ ara wọn ṣe fáyáwọ́ọ̀kì, iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú sánmà yẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń tà á o, wọ́n kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, àtìgbà yẹn ni nǹkan náà ti wọ̀ wọ́n lára. Tá a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp báyìí, ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀lì ni, ìyẹn èyí tí wọ́n ń yìn sókè kó tó tú iná jáde, ọ̀rọ̀ pé àwọ̀ búlúù ló le jù ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ yé mi ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn torí mo rántí bí ohùn wọn ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ tí wọn ò lẹ́nì kankan. Èmi gan-an ni mo sọ pé kí wọ́n máa yọ díẹ̀ nínú owó wọn fi ṣe é.

Àwọn ẹbí wọn wá gbọ́. Àǹtí wọn àgbà ní òmùgọ̀ ni mí, pé obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ ẹ̀ kì í gbé ìṣáná fún un. Bàbá kan nínú ẹbí tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́ ní ṣé mi ò gbọ́ ìtàn Ṣàǹgó rí ni. Ní báyìí, ìyá wọn á pé ọdún 70 lóṣù Kejìlá, wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ ṣe fáyáwọ́ọ̀kì náà níbí fún màmá, pé kí n bá àwọn wá yàrá kan tí wọ́n á ti máa po nǹkan, kí n sì lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta àwọn kẹ́míkà kan. Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ti lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bú wọn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?

Ìyàwó Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà ẹ. Àwọn tó ń pè ẹ́ lómùgọ̀ ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ọkùnrin tó dá wà nílẹ̀ òkèèrè látọdún 6, tó wá rí nǹkan tó ń múnú ẹ̀ dùn tí kì í ṣe ọtí tí kì í ṣe obìnrin, tó sì jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló ń sáré wá sọ ọ́ fún lálẹ́, ìyàwó yẹn ti ṣe bẹbẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ.

Nǹkan tó ń ṣe lọ́hùn-ún náà kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò sọ pé ẹni tó ń ṣe é fún ara ẹ̀, tí ò fi ṣòwò, gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì kó tó ṣe é, àmọ́ tó bá ti fẹ́ gbé e láti ibì kan lọ síbòmíì, ó máa gba ìwé àṣẹ, ibi tó máa kó o pa mọ́ sí náà lófin tiẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún lè ní tiẹ̀ lórí ìyẹn. Wọ́n lẹ́gbẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí, Pyrotechnics Guild International, láti 1969 ló ti wà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń kóra jọ, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Jẹ́ kí n sọ ti ilé tí wọ́n ti tọ́ mi fún ẹ. Ọdẹ ni bàbá tó tọ́ mi ní Ọ̀yọ́, ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n ń lò, ẹ̀tù wọn sì wà nínú àdó. Mi ò gbọ́ kí ìyàwó wọn sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n má ṣọdẹ mọ́, òun ló ń di oúnjẹ fún wọn, òun ló ń jí dúró dè wọ́n. Ṣùgbọ́n àdó ẹ̀tù yẹn, màmá ló mọ ibi tí wọ́n ń gbé e kọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ààrò kọjá, wọn ò gbọ́dọ̀ ro ẹ̀tù sínú ìbọn tí àtùpà bá ń jó nítòsí, ọjọ́ tí bàbá bá gbàgbé, ariwo màmá, gbogbo agboolé ló máa gbọ́ ọ. Bàbá ò sì bínú rí. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìyàwó àwọn ni ò jẹ́ kí ìka àwọn dín. Ohun tí mo mọ̀ sí kí obìnrin wà lẹ́yìn ọkọ ẹ̀ nìyẹn, ojú ẹ̀ á wà níbẹ̀, ẹnu ẹ̀ náà á wà níbẹ̀.

Ìtàn Ṣàǹgó tí bàbá yẹn sọ, má jẹ́ kó bí ẹ nínú, gbọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń pa á fún wa ni pé Ṣàǹgó ní oògùn kan tó fi ń pe àrá, ó lọ dán an wò ní Òkè Àjàká, àrá bá lọ já lé ààfin òun fúnra ẹ̀ lórí. Òun tó mú oògùn dání ò kú síbẹ̀. Àwọn ìyàwó àtàwọn ọmọ tó wà nínú ilé ni àrá pa, àwọn tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń dán nǹkan kan wò.

Torí náà, yàrá tó ní kó o bá òun wá yẹn, má wá a. Kẹ́míkà náà, má béèrè iye ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Nàìjíríà ṣe wà yìí, kí obìnrin máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí èkejì kó máa béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn agbófinró lè kọ́kọ́ mú ẹ ná kí wọ́n tó gbọ́ pé ọjọ́ ìbí màmá ni. Òfin wa tí wọ́n ń pè ní Explosives Act ò gbà kéèyàn ṣe nǹkan abúgbàmù tàbí kó o pa mọ́ láìgba láísẹ́ńsì, kò sí ti pé mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, mi ò fi ṣòwò. Nókáàtì lásán tí àwọn ọmọ ń yìn nígbà Kérésì, ọlọ́pàá máa ń kéde pé àwọn ò fẹ́ ẹ.

Ṣé a ti gbàgbé Bódìjà ni? Ìbàdàn níbí, ọjọ́ 16 oṣù Kíní ọdún 2024, lálẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàmù sínú ilé kan láàárín àdúgbò táwọn èèyàn ń gbé, ó bú, èèyàn kú, ilé tó wó ò lóǹkà lójú wa. Ẹni tó ń jẹun alẹ́ ẹ̀ nínú ilé kẹta ò mọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé nǹkan tí ọkọ ẹ ń ṣe ò tó ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ilé tí wọ́n ń sùn sí ni wọ́n kó o sí, ọ̀kan náà ni.

Tún wo bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Plọ́ọ̀tì wa níbí, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń lò lọ́hùn-ún ni pé ìnṣì 1 tí ṣẹ́ẹ̀lì bá fẹ̀, èrò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 70 jìnnà sí i. Ṣẹ́ẹ̀lì ìnṣì 3, tí ò tóbi lójú wọn, 210 nìyẹn, ibo lẹ fẹ́ gbé màmá àtàwọn àlejò yín sí? Ọyẹ́ á tún ti dé nígbà yẹn, gbogbo koríko á ti gbẹ. Ìwọ tó ń ta aṣọ, o mọ bó ṣe máa ń ta ṣáṣá téèyàn bá ń bọ́ ẹ̀wù nọ́ílọ̀n lálẹ́ ọyẹ́, iná bíńtín yẹn tí ò lè ṣe wá ní nǹkan kan, ó tó láti ran àwọn kan nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lò. Tó bá sì ní òun á ti ṣe é wá láti ọ̀hún, wọn ò gbà á nínú bàálù, kì í ṣe nínú àpótí, kì í ṣe nínú báàgì ọwọ́, kó má tiẹ̀ dán an wò.

Bó o ṣe máa sọ ọ́ ló kù. Má rán àǹtí yẹn, má sì jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Pè é lálẹ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ń pera yín, kó o sọ pé, “Dádì, mo ṣì wà lẹ́yìn yín, mi ò kúrò níbẹ̀. Àmọ́ nínú ilé tí màmá àtàwọn ọmọ wa ń sùn sí, mi ò lè bá yín wá yàrá.” Dákẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó lè bínú ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti rí ẹni tí iná jó rí, á yé e.

Kó o wá fún un ní èyí tó lè ṣe. Kó ṣe ti màmá lọ́hùn-ún, láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀, lórí pápá tí wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n fi kámẹ́rà tó dáa ká a sílẹ̀ kó tó máa bọ̀. Ẹ má ní ẹ fẹ́ wò ó láàyè lórí fídíò lọ́jọ́ náà o, torí tí aago 8 alẹ́ bá lù lọ́dọ̀ wọn lóṣù Kejìlá, aago 2 òru ni lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lálẹ́ ọjọ́ ìbí, ẹ mú aṣọ funfun ńlá kan látinú ṣọ́ọ̀bù ẹ, ẹ so ó kọ́, ẹ háyà purojẹ́kítọ̀, kí onídùndún máa ki màmá bí iná kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń tú jáde lójú aṣọ, ọmọ ẹ̀ tó ṣe é á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á máa ṣàlàyé fún un. Mo rò pé ìyẹn á wọ màmá lára ju ariwo gidi lọ, àgbà ọdún 70 kì í fẹ́ràn kí nǹkan bú létí òun.

Ti ọ̀hún, nǹkan wà tó o lè ṣe. Aṣọ òwú pọ́ńbélé ló yẹ kó máa wọ̀ síbi iṣẹ́ yẹn látòkè délẹ̀, kò gbọdọ̀ sí nọ́ílọ̀n níbẹ̀, ta ló tún yẹ kó rán an fún un ju ìwọ lọ. Kó má dá nìkan ṣe é láé. Kó máa pè ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún pè ẹ́ tó bá parí, ọjọ́ tó bá ti sọ fún ẹ pé kò sùn látàná torí iṣẹ́ alẹ́, sọ fún un pé ti òní ò ṣeé ṣe, kó o dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ bíi ti ìyàwó ọdẹ yẹn.

Ọ̀rọ̀ búlúù tí ò yé ẹ yẹn náà, jẹ́ kó yé ẹ, torí ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ẹ̀ wà. Irú èròjà tó bá wà nínú ẹ̀ ló ń sọ àwọ̀ tó máa jáde: strontium ló ń mú pupa wá, barium ló ń mú àwọ̀ ewé wá, sodium, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa yìí, òun ló ń mú yẹ́lò wá, bàbà ló ń mú búlúù wá. Àwọn tó kù ò le tó ti bàbà. Tí iná bá gbóná jù, nǹkan tó ń tan búlúù yẹn á túká, àwọ̀ ẹ̀ á ṣì, tí ò bá sì gbóná tó, kò ní mọ́lẹ̀ tí wọ́n á fi rí i lókè. Ibi tó bọ́ sí láàárín méjèèjì tóóró gan-an, àwọn kan ti ń wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ni ọkọ ẹ ń sọ fún ẹ lálaalẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan, fóònù ẹ á dún láago 2 òru, òun ni, á máa pariwo pé ó jáde, búlúù òun jáde. Gbé e. Kó o jí àwọn ọmọ náà kí wọ́n wá wò ó.