Èsì: Àdìrẹ títà fún olówó àti mẹ̀kúnnù l'Óṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní àwọn tó ń gbé mọ́tò wá láti Òkè-Fìà àtàwọn ìyá ọlọ́jà láti Ọjà Ọba ló jọ ń wọ ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ yín, báwo ni tọ̀tún tòsì ṣe máa fọkàn tán yín. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ jù ni ká máa wo bàtà oníbàárà ká tó dá iye lé ọjà, Òṣogbo yìí kan náà ni gbogbo wa wà, wọ́n á pàdé níbi ìnáwó wọ́n á bira wọn léèrè iye tí wọ́n rà á, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ iye mọ́ aṣọ. Tẹ́ ẹ bá máa já owó fẹ́nì kan, kó jẹ́ torí pé ó ra púpọ̀.

Ẹ sì máa sòótọ́ nípa aṣọ yẹn. Èyí tí wọ́n rẹ láró yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ̀rọ tẹ̀, méjèèjì ló lẹ́ni tó ń rà á, àmọ́ ẹ má ta ọ̀kan lórúkọ èkejì, pàápàá tí àlejò bá wá sọ́dún Ọ̀ṣun. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ hàn wọ́n, aró máa ń wọ ẹ̀yìn. Ẹ sọ fún wọn náà pé ó máa ń ṣí díẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n dá a fọ̀ lómi tútù.

Ẹni tówó ẹ̀ ò tó, ẹ gé ọ̀pá méjì fún un tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwọn olówó ní tiwọn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá fún wọn ni kẹ́ ẹ má yẹ̀.