Darandaran Tó Mọ Àṣírí Ọba

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ma. Eré Ọba Oedipus, tí Sophocles ará Gíríìsì kọ, wà lára ìwé tí a ó fi ṣe ìdánwò. Olùkọ́ wa ní eré náà fi hàn pé ìmọ̀ ni agbára. Èmi rò pé ìmọ̀ ló ba ayé ọba yẹn jẹ́. Èwo ni kí n kọ? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ohun tí o rí ni kí o kọ, ṣùgbọ́n má ṣe fo ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ. Ìmọ̀ ló gbé Oedipus gorí oyè lóòótọ́. Sphinx, ẹranko abàmì, ń pa àwọn ará Thebes nítorí àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àlejò yìí túmọ̀ rẹ̀, ni wọ́n bá fi í jọba, wọ́n sì fún un ní opó ọba àná.

Láti ìgbà náà ló ti gbà pé kò sí ọlọ́gbọ́n mìíràn. Nígbà tí Tiresias, aríran afọ́jú, sọ ohun tí kò fẹ́ gbọ́, ó bi í pé níbo ni ọgbọ́n rẹ̀ wà nígbà tí Sphinx ń dààmú ìlú? Ó ní Tiresias àti Creon, arákùnrin ayaba, ló ń dìtẹ̀ láti gba oyè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí o tẹjú mọ́ gan-an ni darandaran àgbà. Ẹrú ààfin ni. Òun ni wọ́n gbé Oedipus, ọmọ ọba àná, fún ní ìkókó pé kó lọ jù ú nù; àánú ṣe é, ó fún darandaran ará Kọ́ríńtì. Òun náà ló wà lẹ́yìn ọba àná ní oríta tí Oedipus ti pa á láìmọ̀ pé bàbá òun ni, darandaran yìí nìkan ló sì yè. Ó ní àwọn ọlọ́ṣà ni, pé wọ́n pọ̀. Nígbà tó rí ẹni tó wà lórí ìtẹ́, ó di ayaba lọ́wọ́ mú, ó bẹ̀ ẹ́ kó rán òun lọ sí pápá tí ojú òun kò ti ní rí ìlú mọ́. Ẹrú mọ ohun tó lè lé ọba kúrò lórí oyè, kò sì rí nǹkan kan fi ṣe ju pé kó sá lọ! Mo fi eré yìí kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tí ọba ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n mú darandaran dé, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọba ní kí wọ́n yí i lápá sẹ́yìn. Agbára ọba ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ló sì gba oyè lọ́wọ́ ọba. Sophocles mọ bí àṣẹ ṣe rí: àwọn ará Áténì yàn án ṣe ọ̀gágun ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Jésù.

Tún wá The Gods Are Not to Blame kà, tí Ọlá Rótìmí gbé jáde ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968 látinú ìtàn yìí kan náà. Kò sí Sphinx níbẹ̀. Ọdẹ́wálé ṣáájú àwọn ará Kútùjẹ̀ lójú ogun, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì fi í jọba. Akin ni, kì í ṣe atúmọ̀-àlọ́. Bí ìdánwò bá bèèrè ìyàtọ̀ eré méjèèjì, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o tó kan Bàbá Fákúnlé, aríran afọ́jú inú eré Rótìmí.