Labour gba gbogbo àga ní Lewisham: ṣé ìbò tèmi ti ṣòfò nìyẹn?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ilé kánsù ni mò ń gbé ní Lewisham, ní gúúsù London. Ọmọ mi fi èsì ìbò kánsù ti ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 hàn mí lórí fóònù. Àga 54 ló wà, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ló sì kó gbogbo rẹ̀. Èmi àti àwọn kan nínú ìjọ wa kò dìbò fún Labour. Mo tún rí i pé ẹni tí mo dìbò fún, tó fìdí rẹmi, ní ìbò ju ẹlòmíì tó wọlé ní wọ́ọ̀dù mìíràn lọ. Báwo nìyẹn ṣe ṣeé ṣe? Ṣé wọn ò yí ìbò wa báyìí? Ọ̀rinrin ti gba ògiri ilé mi, ta ni kí n tọ̀ lọ nígbà tí kò sí èèyàn mi kankan nínú kánsù?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo irú èsì yẹn tí wọ́n á kàn mi orí, tí wọn ò ní béèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ka ìbò kánsù ní London, mo sì lè fọkàn yín balẹ̀: èsì tí ẹ rí yẹn kò nílò màgòmágó kankan kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ìdìbò náà fúnra rẹ̀ ló bí i.

Wọ́ọ̀dù 19 ni wọ́n pín Lewisham sí. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ní kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́ta tó kù ní méjì méjì. Ibẹ̀ ni 54 ti wá. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń dá ìdíje tirẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń díje ní Blackheath kò bá ẹni tó wà ní Bellingham du ohunkóhun. Bí àwọn ará wọ́ọ̀dù kan bá tú jáde lọ dìbò, tí àwọn ti wọ́ọ̀dù kejì jókòó sílé, ẹni tó fìdí rẹmi níbi tí èrò pọ̀ sí lè ní ìbò ju ẹni tó wọlé níbi tí èrò kò sí. Bákan náà ni ibi tó ní àga méjì yàtọ̀ sí ibi tó ní mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tí ẹ rí fi jọ bíi pé wọ́n rẹ́ ẹ yín jẹ.

Ti àga 54 tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan ló gba àlàyé jù. Ní wọ́ọ̀dù tó ní àga mẹ́ta, olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìbò mẹ́ta lọ́wọ́, àwọn mẹ́ta tí ìbò wọn bá pọ̀ jù ló ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní èèyàn 3,000 ló dìbò. 1,200 nínú wọn fi àmì sí orúkọ àwọn Labour mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 1,000 fi sí àwọn Green mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 800 tó kù fi sí àwọn Liberal Democrat. Olùdíje Labour kọ̀ọ̀kan ti ní 1,200 nìyẹn, ti Green ní 1,000, ti Liberal Democrat ní 800. Àwọn mẹ́ta tó léwájú, Labour ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹni 1,800 nínú 3,000 ni kò fẹ́ wọn! Ẹ wá ṣe irú ìṣirò yẹn káàkiri wọ́ọ̀dù 19, kí ẹgbẹ́ kan náà fi díẹ̀ ṣíwájú nínú gbogbo wọn: yóò kó gbogbo àga láìjẹ́ pé gbogbo ìlú ló fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ yẹn kan náà, Labour kó gbogbo àga 51 ní Barking and Dagenham, kánsù mìíràn ní London, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí gan-an. Ní Lewisham fúnra rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe máa ń rí látìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2010, Labour ní 39, Liberal Democrat 12, Conservative 2, Green 1. Nígbà tó di 2014, gbogbo rẹ̀ ti di Labour 53, Green ẹyọ kan péré. Ọdún 2018 ni ẹyọ yẹn náà lọ. Èmi ò fara mọ́ ìlànà yìí, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Kánsù tí kò ní alátakò kankan nínú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ló ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ nípa owó ìlú. Ní Scotland, wọ́n ti pa irú ìdìbò yẹn tì fún kánsù láti 2007. Níbẹ̀, ńṣe ni olùdìbò ń to àwọn olùdíje ní ẹsẹẹsẹ, ẹgbẹ́ kékeré sì ń rí àga. Òfin ló gbé ti England kalẹ̀, òfin ló sì lè yí i padà. Àwọn tó ń ka ìbò kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá tún fẹ́ wo ìwé èsì, ẹ rántí pé ìbò ni wọ́n kọ síwájú orúkọ, kì í ṣe iye èèyàn. Ẹ má ro gbogbo ìbò pọ̀ kí ẹ wá fi wé iye àwọn tó jáde. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, á sì dà bíi pé ìbò ayédèrú ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò tún sí òfin tó ní dandan kí ẹ lo ìbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá jẹ́ olùdíje kan ṣoṣo ni ọkàn yín wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lè fi àmì síwájú òun nìkan. Ẹlòmíì tí ẹ bá fi ìbò kejì àti ìkẹta ta lọ́rẹ lè jẹ́ ẹni tí yóò fi ìbò kan lé tiyín kúrò.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn olùdíje ọmọ Yorùbá yẹ kí wọ́n mọ̀. Bí orúkọ ìdílé ṣe tẹ̀ léra ní a, b, d ni wọ́n ṣe ń to orúkọ sórí ìwé ìbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣèwádìí ìdìbò ti ṣàkíyèsí pé, nínú olùdíje mẹ́ta láti ẹgbẹ́ kan, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè sábà máa ń ní ìbò díẹ̀ ju ẹni tó wà nísàlẹ̀. Adé àti Akin ń jàǹfààní rẹ̀. Ẹ̀yin Oyè àti Sówándé, ẹ tètè kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò.

Ó yé mi ìdí tí ọkàn yín fi lọ síbi màgòmágó. Nílé, ojú ará àdúgbò ni wọ́n ti ń ka ìbò, níbi tí wọ́n ti dì í gan-an, INEC á sì lẹ èsì mọ́ ògiri. Ní England, kò sí èsì ibùdó ìdìbò rárá. Wọ́n á dí àpótí, wọ́n á fi èdìdì sí i, wọ́n á kó o lọ sí gbọ̀ngàn kan. Tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ ò lè mọ ohun tó ń lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó ka ìbò ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ ka iye ìwé tó wà nínú àpótí, wọ́n á fi wé iye tí ibùdó kọ sílẹ̀ pé àwọn fún àwọn olùdìbò. Àwọn aṣojú olùdíje á dúró ní iwájú tábìlì, wọ́n á máa wo ọwọ́ àwọn tó ń kà. Ìwé tí àmì rẹ̀ kò yé èèyàn, ọ̀gá elétò ìdìbò ló ń dá ẹjọ́ rẹ̀ níṣojú wọn. Ìbò tó ju iye àga lọ, ìwé tí kò ní àmì, èyí tí olùdìbò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, gbogbo wọn ni wọ́n ń wọ́gi lé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi àmì mìíràn dípò X, tí èrò ọkàn rẹ̀ sì hàn kedere, wọ́n á kà á. Tí olùdíje méjì bá ní iye kan náà, wọ́n á ṣẹ́ kèké.

Olùdíje tàbí aṣojú rẹ̀ lè ní kí wọ́n tún un kà, àmọ́ kí wọ́n tó kéde èsì ni. Lẹ́yìn ìkéde, ilé ẹjọ́ nìkan ló kù, láàárín ọjọ́ 21 sí ọjọ́ ìdìbò. Olùdíje lè pe ẹjọ́ náà. Olùdìbò mẹ́rin tó bá para pọ̀ náà lè pè é. Ẹ má rò pé orí ìwé lásán ni: ní Tower Hamlets, kánsù mìíràn ní London, lẹ́yìn ìbò Méyọ̀ (olórí kánsù) ti 2014, olùdìbò mẹ́rin gbé Lutfur Rahman tó wọlé lọ sílé ẹjọ́. Lóṣù Kẹrin ọdún 2015, adájọ́ sọ pé ìwà ìbàjẹ́ wà nínú ìdìbò náà, ó sì fagi lé e, Rahman ò sì lè díje fún ọdún márùn-ún. Ó padà wọlé lọ́dún 2022. Àkókò láti pe ẹjọ́ lórí ìbò 2022 ní Lewisham ti kọjá, màmá, mi ò sì rí ohun tí ẹ ì bá fi pe ẹjọ́ nínú àlàyé tí ẹ ṣe.

Ẹ má da ìbò kánsẹ́lọ̀ pọ̀ mọ́ ti Méyọ̀. Lewisham ń dìbò yan Méyọ̀ lọ́tọ̀, òun ló sì ń yan àwọn tó ń bá a ṣàkóso. Ní Croydon, kánsù mìíràn ní London, lọ́dún 2022, Labour ló ní kánsẹ́lọ̀ jù, 34 sí 33 ti Conservative, síbẹ̀ Jason Perry ti Conservative ló di Méyọ̀, pẹ̀lú ìbò 589 péré tó fi ju ti Labour lọ. Tiyín nìyí: nígbà tí Damien Egan, Méyọ̀ Lewisham, fi ipò sílẹ̀, Brenda Dacres wọlé nínú ìdìbò oṣù Kẹta ọdún 2024.

Ó wá ku ògiri ilé yín. Gbogbo kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, kánsẹ́lọ̀ yín ni wọ́n. Wọn ò mọ ẹni tí ẹ dìbò fún, wọn ò sì gbọ́dọ̀ béèrè. Lóòótọ́, nọ́ńbà wà lẹ́yìn ìwé ìbò, èyí sì máa ń ba àwọn kan lẹ́rù, ṣùgbọ́n wọ́n á fi èdìdì dí ìwé wọ̀nyẹn fún ọdún kan, àṣẹ ilé ẹjọ́ nìkan ló lè ṣí wọn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, kánsù fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó ilé rẹ̀, kì í ṣe Lewisham Homes, ilé iṣẹ́ tó ń bá a ṣe é tẹ́lẹ̀, mọ́. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹ̀ka àtúnṣe ilé, kí ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ ya fọ́tò ògiri náà, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pè sílẹ̀. Bí wọn kò bá wá, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ bá kánsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ tó ń gba àlejò, pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà àti ọjọ́ dání, ó ṣòro láti fi ọwọ́ rọ́ tì. Bí èkíní kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kánsù bá ti dáhùn ẹ̀sùn yín lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú, Housing Ombudsman, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ayálégbé, ló kàn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ìjọ yín pé ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó ní ìwé àṣẹ láti gbé ní Britain, lè dìbò kánsù. Kò dìgbà tó bá gba ìwé ìrìnnà Britain, akẹ́kọ̀ọ́ náà wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá ṣáájú ìdìbò. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń lọ sí ibùdó ìdìbò gbọ́dọ̀ mú ìwé tó ní fọ́tò rẹ̀ lọ. Wọ́n ń gba páàsì Nàìjíríà, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, bí ojú tó wà nínú rẹ̀ bá ṣì jọ ti ẹni tó mú un wá.