Wọ́n Ní Àwọn Kò Rí Kòkòrò Kankan: Ṣé Kí N Tún Àyẹ̀wò Náà Ṣe?

Ìbéèrè: Ó ti lé ní oṣù kan tí inú ti ń run mí, tí mo sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru, bó dá lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Dókítà ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, èsì sì jáde pé wọn kò rí ẹyin aràn tàbí kòkòrò kankan. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ha làpálàpá tó wà ní itan mi láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ni èmi fi ń rí i. Ṣé kí n gbà pé kò sí kòkòrò lára mi ni, àbí kí n tún àyẹ̀wò náà ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bí ẹ ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Èsì tó bá ní "a kò rí nǹkan kan" ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí a fi sábẹ́ máíkírósíkóòpù lọ́jọ́ yẹn nìkan. Bí a bá ń yẹ ìgbẹ́ wò ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù, nǹkan bíi mílígíráàmù 2 péré ni a máa ń bù, ìyẹn kò ju orí ìṣáná lọ; a ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ ní apá kan gíláàsì náà, a ó sì pò ó mọ́ ayodíìnì ní apá kejì, kí ohun tó wà nínú kòkòrò lè hàn dáadáa. Bí kòkòrò náà kò bá sí nínú bíńtín tí a bù yẹn, bó ti wù kí ojú ẹni tó ń wò ó mú tó, kò ní rí i.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í fi gbogbo ìgbà bá ìgbẹ́ jáde. Giardia, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí mo kọ́kọ́ máa ń fura sí bí ìgbẹ́ gbuuru bá pẹ́ lára ènìyàn, lè pọ̀ lọ súà nínú ìgbẹ́ òní, kí a má sì rí ẹyọ kan ní ọ̀túnla. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ gbé ìgbẹ́ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa fo ọjọ́ kan láàárín, kí ẹ sì parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 10. Ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá pín sínú ike mẹ́ta kò lè rọ́pò èyí.

Ìṣòro kejì, èyí tó máa ń dùn mí jù nítorí pé ó rọrùn láti yẹra fún, ni àkókò. Amíbà tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, Entamoeba histolytica, máa ń wà nínú ìgbẹ́ tó ṣàn nígbà tó ṣì ń rìn káàkiri. Bó bá wà láàyè, a ó rí i tí yóò na apá kan ara rẹ̀ tó mọ́ gaara síwájú, tí ìyókù ara rẹ̀ yóò sì ṣàn wọ inú apá náà. Nígbà mìíràn, a ó tún rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti gbé mì nínú rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ náà bá ti pẹ́ nílẹ̀, amíbà yìí yóò ká jọ, kò ní mira mọ́, láìpẹ́ ara rẹ̀ yóò túká. Nítorí náà, ìgbẹ́ tó ṣàn bí omi gbọ́dọ̀ dé abẹ́ máíkírósíkóòpù láàárín ìṣẹ́jú 30. Èyí tó rọ̀ lè dúró fún wákàtí kan. Èyí tó le lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹyin aràn àti kòkòrò tó ti fi èèpo bo ara rẹ̀ ni a ó máa wá níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ béèrè ike tí wọ́n ti bu fọmalíìnì sí. Kò ní jẹ́ kí a rí èyí tó ń rìn, àmọ́ kò ní jẹ́ kí ẹyin bà jẹ́.

Kí ike náà mọ́, kí ó gbẹ, kí ó sì ní ìdérí. Ẹ má jẹ́ kí ìtọ̀ kàn án, nítorí ìtọ̀ ń pa àwọn kòkòrò tó ń rìn. Ẹ má sì jẹ́ kí omi kàn án, nítorí àwọn ohun abẹ̀mí tó wà nínú omi lè ṣi ẹni tó ń wò ó lọ́nà. Bí ẹ bá ti lo oògùn aràn tàbí oògùn apakòkòrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó lè jẹ́ pé oògùn náà ló lé kòkòrò pamọ́ láìpa á tán.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún yín. Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń lo fọmalíìnì àti kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ether, tí a ó sì fi ẹ̀rọ yí i kíákíá kí ẹyin tó wà nínú ìgbẹ́ púpọ̀ lè kóra jọ sísàlẹ̀. Ó máa ń rí ohun tí ọ̀nà àkọ́kọ́ kò rí. Cryptosporidium, kòkòrò mìíràn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kéré gan-an, a kì í sábà dá a mọ̀ láìjẹ́ pé a fi aró pàtàkì kùn ún, a kì í sì í kùn ún bí dókítà kò bá béèrè. Fún Giardia, àyẹ̀wò tó ń wá èròjà ara kòkòrò náà nínú ìgbẹ́ wà, kò sì gbára lé ojú ẹnikẹ́ni.

Ní ti làpálàpá yín, ẹ rántí ibi tí wọ́n ti ha á. Ẹ̀bá rẹ̀ tó ga díẹ̀, tó sì ń tàn kálẹ̀, ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń gbé. Àárín rẹ̀ lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kó má sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi sípíríìtì ìdá 70 nínú 100 nu ojú ibẹ̀, kí wọ́n ha eépá ẹ̀bá rẹ̀ sórí bébà gbígbẹ tó mọ́, kí wọ́n sì ṣẹ́ bébà náà pọ̀, nítorí inú ìgò tó lómi ni bakitéríà ti ń yára gbilẹ̀. A ó wá kán potassium hydroxide, kẹ́míkà tó ń mú kí awọ yòrò, sórí eépá náà lórí gíláàsì, a ó sì ní sùúrù. Díẹ̀díẹ̀ ni awọ ara yóò máa yòrò, títí yóò fi mọ́lẹ̀ kedere, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó pẹ̀ka, tó sì ní ìpín kéékèèké, yóò wá hàn bí wọ́n ṣe gba orí sẹ́ẹ̀lì kan kọjá sí òmíràn. Ẹni tó bá kánjú wò ó kí awọ tó yòrò lè má rí wọn. Bí ẹ bá ti ń fi ìpara tó ní oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì pa á, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbin lára eépá náà sórí oúnjẹ Sabouraud, ìyẹn oúnjẹ tí a fi ń mú fọ́ńgọ́ọ̀sì hù. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó hù. Bí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn gbogbo èyí, ó yẹ kí dókítà tó mọ̀ nípa awọ ara wò ó, nítorí àwọn àìsàn awọ mìíràn máa ń rí roboto bíi làpálàpá.

Ẹ ṣọ́ra fún òdìkejì ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Bí èsì kejì bá ní àwọn rí Entamoeba coli, amíbà mìíràn, tàbí Candida, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, nínú ìgbẹ́, ẹ má sáré ra oògùn; àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, èkejì sì máa ń gbé inú ìfun ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ibà bá mú yín, tàbí bí ẹ bá ń rù, ẹ má dúró de ìgbẹ́ ẹ̀kẹta kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fún yín ní oògùn steroid fún àìsàn yòówù, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé inú ń yọ yín lẹ́nu. Aràn kan tó ń jẹ́ Strongyloides lè wà nínú ìfun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àyẹ̀wò ìgbẹ́ lásán sì máa fò ó dá, steroid sì lè mú kí ó pọ̀ sí i débi tí yóò fi pa ènìyàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un, ó sì yẹ kí wọ́n ṣe é kí ẹ tó gbé oògùn náà mì.