Ṣé Yorùbá nìkan tó fún ẹni tó fẹ́ bá àwọn ará Benin gbé?

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ obìnrin ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkéré-Èkìtì. Nínú ọlidé gígùn tó ń bọ̀, mo fẹ́ lo nǹkan bí oṣù kan ní Orílẹ̀-èdè Benin. N kò fẹ́ wà ní òtẹ́ẹ̀lì kí n kàn máa ya fọ́tò kiri. Mo fẹ́ bá onílé gbé, kí n jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, kí n sì gbọ́ Faransé díẹ̀ kí n tó padà. Àwọn ènìyàn ń sọ fún mi pé kò sí ibi tí wọn kò ti gbọ́ Yorùbá níbẹ̀, pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè rí ilé tí wọn yóò gbà mí sí, kí ló sì yẹ kí n ṣe kí n tó gbéra?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, òótọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ló sì lè ba ìrìn-àjò yín jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò lè sọnù ní gúúsù Benin. Àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn ọmọ Oòduà tí ibẹ̀ jẹ́ ilé baba wọn sì wà ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ̀bẹ̀ àti Ìdàáṣà láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n Faransé ni èdè ìjọba àti èdè ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960 ni wọ́n ti gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Fọ̀n àti Gùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ nínú ilé ní Kútọnu, Abomey àti Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé Yorùbá nìkan, ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó ń ṣòwò níbẹ̀ ni ẹ ó bá ara yín. Wọn yóò gbà yín tọwọ́-tẹsẹ̀, wọn yóò se oúnjẹ ilé fún yín, ẹ ó sì padà sí Ìkéré láì tíì bá ọmọ onílùú sọ ọ̀rọ̀ tó kọjá iye owó ọjà. Mo máa ń mú ènìyàn lọ láti Adó-Èkìtì, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá kọ̀ láti kúrò ní Kútọnu nìyẹn.

Nítorí náà, ìlú tí ẹ ó dé sí ṣe pàtàkì ju iye ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹ mọ̀ lọ. Fún ẹni tó ti Èkìtì lọ, Ìdàáṣà ni mo máa ń dá lábàá, èyí tí máàpù ń pè ní Dassa-Zoumé, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà. Òkè ló yí i ká. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa ń sọ pé òkè náà jẹ́, ẹni tó sì dàgbà sí ìdí òkè Olósùnta àti Orólè ní Ìkéré kò ní í ṣàjèjì láàrin wọn. Iṣu ni wọ́n ń gbìn, iyán ni wọ́n ń jẹ. Èdè tí àwọn àgbà ń sọ nínú ilé bá tiwa tan, ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá inú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ohùn Ìkéré yàtọ̀ sí ti Mọ̀bà yóò tètè fi etí sí i. Èdè ìbátan yìí yóò mú kí àwọn àgbà fún yín ní àyè láti jókòó tì wọ́n, nígbà tí àwọn ọmọ ilé, tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kàwé, yóò máa bá yín sọ Faransé láìkánjú.

Savalou kò jìnnà síbẹ̀. Maxí, tó jẹ́ ìbátan Fọ̀n, ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń ṣe ọdún iṣu wọn, tí àwọn ọmọ ìlú máa ń tìtorí rẹ̀ wálé láti ibi gbogbo. Bí ẹ bá ti lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ní Ìdàáṣà kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ó ti mọ ẹnìkan tí yóò mú yín lọ sí ilé ẹbí rẹ̀ ní Savalou. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wá sí irú ọdún bẹ́ẹ̀ kì í rí ju ẹ̀yìn èrò lọ.

Ní ti ilé tí ẹ ó gbé, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Benin ń wá lójú méjèèjì, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn áàpù bíi HelloTalk àti Tandem wà fún pàṣípààrọ̀ èdè: ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ yín yóò máa kọ́ yín ní Faransé. Ohun tí mo máa ń sọ fún olùkọ́ ẹgbẹ́ yín ni pé kí wọ́n wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní Ìdàáṣà tàbí nítòsí rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè yín, àwọn òbí ọmọ fọkàn tán an, ilé tó lè gba obìnrin tó ń dá rìn kò sì ṣòro fún un láti mọ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe kí ẹ máa kọ̀wé nìkan. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ní kí ìyá ilé tí ẹ ó dé sí jáde sórí fídíò kí ẹ kí ara yín. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín, tàbí láti ọ̀dọ̀ lémọ́mù, wúlò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn Kátólíìkì máa ń ṣe ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdàáṣà nínú oṣù Kẹjọ, yàrá sì máa ń wọ́n nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó gbangba. Ẹ má gbé ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́, kódà bí wọ́n bá ní kò sí wàhálà. Ẹ jọ ṣe àdéhùn iye tí ẹ ó máa san lọ́sẹ̀ fún oúnjẹ àti yàrá, ní owó sẹ́fà, kí ẹ tó kúrò ní Ìkéré, kí ẹ sì fi owó náà lé obìnrin tó ń dáná lọ́wọ́, kì í ṣe ọkùnrin tó kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èmi kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí rárá, nítorí obìnrin náà ni iṣẹ́ àlejò ń wọ̀ lọ́rùn. Ẹ má sì gbé ẹ̀bùn ńlá wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó máa ń sọ àlejò di olówó lójú wọn, ọ̀rọ̀ a sì di ti bùn mi, bùn mi.

Ní ti èdè, ẹ fi gírámà sílẹ̀ ná. Ìkíni, ìbátan, oúnjẹ, ọ̀nà, àti òǹkà títí dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni kí ẹ kọ́ títí yóò fi yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ wo bó ṣe ń rí ní ọjà Glazoué, ọjà oúnjẹ ńlá tí kò jìnnà sí Ìdàáṣà. Àlejò á dé ìdí iṣu, á nawọ́ sí i, á ní "C'est combien?" (Èló ni?) Ìyá oníṣu á dá a lóhùn, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pè fún àjèjì ni yóò pè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹríba, tó ní "Bonjour, maman", tó béèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ, tó sì dúró gbọ́ èsì, ni wọn yóò fa àpótí sílẹ̀ fún, tí wọn yóò ní "Bonne arrivée" (Ẹ káàbọ̀) fún, tí wọn yóò sì bi pé níbo ló ti wá. Láti ibẹ̀ ni ìtàkùrọ̀sọ ti ń bẹ̀rẹ̀, owó iṣu á wá tẹ̀lé e. Ìwà tí ẹ fi ń kí àgbà nílé kò yẹ kó yí padà nítorí pé Faransé ni ẹ ń sọ.

Ibi tí ẹ ó ti gbọ́ èdè jù ni ìdí odó. Ẹ má jókòó sí pálọ̀ kí wọ́n máa gbé oúnjẹ tọ̀ yín wá. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin ilé bá ń gún iyán, tí ọmọrí odó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin wọn, ẹ béèrè pé kí wọ́n fún yín ní ọmọrí odó kan. Bí wọ́n bá rí i pé ọmọ Èkìtì mọ iyán gún, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń se é. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ á mú kí wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin á sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fojú rí.

Ìwé ìrìnnà kò le. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún yín ní àǹfààní láti wọlé láì gba físà fún 90 ọjọ́. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún yín ní ìhà méjèèjì ààlà Sẹ̀mẹ̀. Ẹ má lọ sí àríwá pátápátá, lẹ́bàá ààlà Burkina Faso àti Niger, nítorí àwọn agbébọn ń yọ ibẹ̀ lẹ́nu.

Bí ẹ bá gba Kétu tàbí Àjàṣẹ́ kọjá, tí wọ́n sì kéde orò, kí ẹ wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù láì bèèrè ìdí. Ẹ má ya fọ́tò ojúbọ tàbí egúngún láì gba àṣẹ lẹ́nu olórí ilé. Bí ẹ bá gbéra ní ìparí oṣù Keje, àkókò á tó yín láti mọ ará ilé kí ọdún Savalou tó dé. Nítorí náà, oṣù Kẹrin ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn.