Fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn síta ní London: ibi tí agbára rẹ̀ dé àti ibi tó mọ

Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ béèrè láti Ìbàdàn. Ẹ ní àbúrò yín ọkùnrin tó lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní London ti pàdánù iṣẹ́, onílé ti kó ẹrù rẹ̀ síta, inú bọ́ọ̀sì òru ló ń sùn báyìí, fóònù nìkan ló sì kù sí i lọ́wọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá áàpù kan wà tó lè mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa ràn án lọ́wọ́. Irú físà tó gbé e lọ náà ló gbé èmi náà lọ. Ìjọba gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń mú òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó mú mi wá, iṣẹ́ lọ, yàrá tẹ̀ lé e, ìgboro London sì di ilé mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Áàpù wà, mo máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ìlú yìí, gbogbo ẹni tó bá lè ràn ọ́ lọ́wọ́ ló máa sọ pé àwọn á pè ọ́ padà. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, á pè ọ́ padà. Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ á pè ọ́ padà. Bí wọ́n bá wá pè tí fóònù ti kú, tí wọ́n tún pè tí kò lọ, wọ́n á pa fáìlì rẹ dé, wọ́n á mú ẹlòmíì, ìlà tí o ti tò láti àárọ̀ á di òfo. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó sunkún lórí èyí. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó mú wá ló mú wá, fóònù ni kò gbé.

Ti físà tún wá le ju ìyẹn lọ. Láti ìparí ọdún 2024 ni BRP, káàdì ìgbélùú tí a máa ń gbé sápò, ti kógbá wọlé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí ìgbélùú wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é. Kó tó lè wọ ibẹ̀, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù tàbí ímeèlì tó fi forúkọ sílẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: wọ́n jí fóònù lábẹ́ orí rẹ̀ lóru, ímeèlì rẹ̀ náà sì ń béèrè kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù kan náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ máa ń pàdé níbi oúnjẹ àárọ̀, bó ṣe há nìyẹn. Ìwé rẹ̀ pé, ọdún tó pọ̀ ló kù lórí físà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohunkóhun fi han ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́.

Nítorí náà, kí bátìrì tó lọ lónìí, ẹ ní kó wọ inú àkáǹtì Google rẹ̀, kó wá ibi tí wọ́n kọ Backup codes sí, àwọn kóòdù tó lè fi wọ ímeèlì rẹ̀ bí fóònù bá sọnù. Kóòdù mẹ́wàá ló máa jáde, nọ́ńbà mẹ́jọ-mẹ́jọ. Kó kọ wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú bírò. Fọ́tò tó bá yà sínú fóònù kò wúlò, torí olè á gbé fóònù àti fọ́tò lọ pọ̀ ni. Èmi we tèmi sínú ọ̀rá tí búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ gán an mọ́ abẹ́ àpò inú jákẹ́ẹ̀tì mi, níbi tí òjò kò lè dé. Kó ka kóòdù náà sí yín létí lórí ìpè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kó tún fi ímeèlì yín sí ibi tí Google ti ń béèrè ímeèlì ìrànwọ́. Lẹ́yìn náà kó wọ inú àkáǹtì físà rẹ̀, kó rí i pé ímeèlì àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni èyí tó ń lò báyìí. Kí ẹ̀yin náà ní nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí owó kò bá sí lórí síìmù rẹ̀, kó má rò pé ó ti parí. Láti July 2015 ni pípe nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0800 tàbí 0808 ti di ọ̀fẹ́ láti orí fóònù alágbèéká ní gbogbo Ìlú Ọba. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ Shelter tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé wà lára wọn, 0808 800 4444. Kó ní sùúrù o, orin tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró lórí ìlà yẹn, mo lè kọ ọ́ títí di òní. Ní ti dátà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní National Databank, Good Things Foundation àti Virgin Media O2 ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2021. Ó dà bí ilé tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní, àmọ́ síìmù tó ní dátà nínú ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Kó béèrè rẹ̀ ní láìbìrì tàbí ní ibùdó àwùjọ tó bá sún mọ́ ọn. Láìbìrì náà ló ti máa rí iná fi ṣájì fóònù, ìjókòó àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìsí ẹni tó máa lé e, bí kò bá ṣáà ti sùn lórí tábìlì. Àwọn bọ́ọ̀sì tuntun kan ní ihò USB lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, àwọn pátákó gíga BT Street Hub tó wà lójú títì náà ní ihò ṣájà, èèyàn sì lè fi pe nọ́ńbà Ìlú Ọba lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá ku áàpù tí ẹ béèrè. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni StreetLink. December 2012 ni ó bẹ̀rẹ̀, England àti Wales ló wà fún. Ojúlé thestreetlink.org.uk lèèyàn ń lọ lórí fóònù. Ẹni tó rí ẹlòmíì tó sùn síta lè kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó ń sùn síta náà sì lè kọ ti ara rẹ̀. Wọ́n á ní kó fi àmì sí ibi tó wà lórí máàpù, kó sọ ìgbà tó máa ń wà níbẹ̀ àti bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò tó máa ń rìn kiri lóru láti wá irú wa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: ẹni tó dùbúlẹ̀ sójú kan ni àwọn òṣìṣẹ́ yẹn lè rí. Àbúrò yín tó ń gun bọ́ọ̀sì láti Ilford dé àárín ìlú, tó ń sọ̀, tó tún ń gun òmíì padà, ibo ló fẹ́ fi àmì náà sí? Mo mọ ìdí tí a fi ń yan bọ́ọ̀sì. Ó móoru, kámẹ́rà wà níbẹ̀, ojú kò sì tì wá, torí bí a bá rí ará ilé a lè sọ pé a ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ń fi èèyàn pamọ́ fún ọ̀tá àti ọ̀rẹ́. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí kì í ṣí fún ẹni tí òṣìṣẹ́ kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí lójú oorun, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tíì wọ inú CHAIN, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń lò ní London fún àwọn tó ń sùn síta. Èmi kò sọ pé kó lọ sùn nínú òtútù o. Kó kọ́kọ́ sọ fún wọn nínú fọ́ọ̀mù náà pé bọ́ọ̀sì lòun ń gùn, kó kọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, ibùdó tó ti ń sọ̀ àti aago tó máa ń jẹ́, kó sì béèrè ibi tí wọ́n ti lè pàdé òun.

Bó bá sì jẹ́ pé ojú kan ló ń sùn, bó ṣe kọ ọ́ ló máa pinnu bóyá wọ́n á rí i. "Lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin" kò tó. Èyí tó mú wọn dé ọ̀dọ̀ tèmi, báyìí ni mo ṣe kọ ọ́: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìtajà bàtà, ọwọ́ òsì bí ẹ bá ti jáde ní ibùdó ọkọ̀, ìkọjá garawa ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé, láti aago méjìlá òru di márùn-ún ìdájí, èèyàn dúdú, fìlà pupa, àpò kan tí súìpù rẹ̀ ti já. Wọn kò wá ní òru àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n dé, obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ jìnnà sí mi díẹ̀, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó má bàa mọ́ mi lójú, ó sọ orúkọ rẹ̀ kó tó béèrè tèmi. Òun náà kò gbé ibùsùn wá. Nọ́ńbà mi ló gbà, ọjọ́ kejì ló pè, mo wà ní láìbìrì pẹ̀lú fóònù tó ti ṣájì, mo gbé e. Láti orí ìpè yẹn ni okùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú.

Ìbẹ̀rù Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ńkọ́? Mi ò ní bẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù. Ní December 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga sọ pé ìlànà tí ìjọba fi ń lé àwọn ará Yúróòpù tó ń sùn síta kúrò nílùú kò bófin mu. Láti December 2020 ni òfin míì tún dé tó sọ pé sísùn síta lè di ìdí láti gba físà lọ́wọ́ èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi ààlà sí i, àwọn tó bá ń kọ ìrànwọ́ lemọ́lemọ́ tí wọ́n sì ń da àdúgbò láàmú ni wọ́n sọ pé ó wà fún. Kó ṣáà bi òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ta lẹ máa fi hàn, kó má sì fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Ibi tí mo ti rí ìmọ̀ràn tó yè kooro lórí ìwé ìgbélùú ni Praxis, ní Bethnal Green.

Àwọn "agent" orí WhatsApp ńkọ́? Ẹni tó bá ní kó san owó kí òun fún un ní CoS, ìyẹn ìwé onígbọ̀wọ́ agbanisíṣẹ́ tí físà iṣẹ́ dúró lé, olè ni, kódà kó máa pè é ní "àbúrò mi ọ̀wọ́n" kó sì máa gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin náà ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn pàdánù ìwé àṣẹ, ìjọba ní àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́kùnjẹkùn ní England tó ń so wọ́n pọ̀ mọ́ agbanisíṣẹ́ tuntun, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní April 2025, ìjọba sọ ọ́ di dandan pé kí ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú fi hàn pé òun ti kọ́kọ́ wá òṣìṣẹ́ láàárín àwọn tó há sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gba ẹlòmíì láti òkèèrè; nígbà tó di July 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkèèrè pátápátá. Bí lẹ́tà Home Office tó ń gé físà kúrú bá dé, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti rí agbanisíṣẹ́ tuntun tàbí kó kúrò nílùú. Ẹ rí i báyìí pé ímeèlì tí kò ṣeé ṣí lè jẹ́ kí ọjọ́ yẹn tán láìmọ̀.

Físà rẹ̀ kò gbà á láyè láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba, káńsù kò sì ní fún un nílé, àmọ́ ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ wọn tọ́ sí i. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, tọ́ sí i láìsí àdírẹ́sì, láìsí ìwé ìdánimọ̀. Bí obìnrin orí káńtà bá sọ pé dandan ni, kó rọra sọ fún un pé NHS, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba, ò sọ bẹ́ẹ̀. Whitechapel Mission ń fúnni lóúnjẹ gbígbóná láàárọ̀, èèyàn sì lè wẹ̀ níbẹ̀. Nígbà òtútù, Glass Door máa ń fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ibùsùn ní ìwọ̀ oòrùn London, wọn kì í fi físà lé èèyàn. Bí ojú ọjọ́ bá fẹ́ lọ sílẹ̀ dé òdo, àwọn káńsù máa ń ṣí ibùsùn pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní SWEP. Kó béèrè rẹ̀ ní orúkọ yẹn gan-an. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, òfin Children Act 1989 wà fún ọmọ náà, ẹ má fi èyí dá a lóhùn.

Ohun kan kù tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe. Bí ó bá jọ èmi, ó ṣì ń gbé fọ́tò sórí status pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ẹ má bá a wí lórí ẹ̀. Ẹ mú aago kan lójúmọ́ tí ẹ̀ẹ́ máa pè é, aago tó máa ń wà ní láìbìrì ni kó jẹ́, kí ẹ máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹni tí kò sùn kì í rántí nǹkan.

Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ tàbí àdúgbò tó wà sí gbangba níbí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kí n lè sọ láìbìrì tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àti aago tí wọ́n ń ṣí i.